Àdúrà Tí Mo Gbà Sínú Ẹ̀rọ Afẹ́fẹ́ Rẹ

Ojúlé Kẹrìnlá,
Ìbà Housing Estate,
Ọ̀jọ́, Ìpínlẹ̀ Èkó.
Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù Kọkànlá, ọdún 2024.

Ọmọ́bọ́lá mi ọ̀wọ́n,

Báwo ni òtútù Jámánì ṣe ń bá ọ lò? Mo gbà á ládùúrà pé kí lẹ́tà yìí bá ọ nínú ìlera, pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ tó nípọn lẹ́sẹ̀ rẹ àti oúnjẹ gbígbóná níwájú rẹ. Ní tiwa níhìn-ín, ọpẹ́ ló yẹ Olúwa. Ìyá rẹ ní kí n kí ọ dáadáa. Orúnkún tó ń dùn ún ti sàn, ó ti ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ ra ẹja ní Ìyànà Ìbà, bó bá sì ti dé, á máa rojọ́ bí àwọn oníkẹ̀kẹ́ márúwá ṣe fẹ́ fi kẹ̀kẹ́ gbá òun. Bí o bá ti gbọ́ pé ìyá rẹ ń rojọ́, o mọ̀ pé ara rẹ̀ ti yá nìyẹn.

Ó lè yà ọ́ lẹ́nu pé mo jókòó kọ lẹ́tà nígbà tí fóònù wà lápò mi. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá ọ sọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ orí fóònù. Ọ̀rọ̀ ìtìjú ni, kó tó padà di ọ̀rọ̀ ayọ̀, bí mo bá sì bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lórí fóònù, ẹ̀rín ni wàá fi gbà á mọ́ mi lẹ́nu kí n tó dé ìdí rẹ̀. Ọ̀gá rẹ ní yunifásítì, Dókítà Ayọ̀mikún, ń bọ̀ wá sọ́dọ̀ rẹ lọ́jọ́ Sátidé fún ìdánwò àṣekágbá rẹ, mo sì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n bá mi mú ìwé yìí dání. Kí n má fi ọkàn rẹ sókè o: gbogbo rẹ̀ ti yanjú. Fi ara balẹ̀ kà á.

Ìwọ náà rántí bí ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ rẹ yẹn ṣe bẹ̀rẹ̀. Èyí tí yunifásítì ní kí wọ́n kó wá láti òkè òkun há sí èbúté, ọkọ̀ ojú omi tí ẹ fẹ́ bá lọ sì ti fẹ́ kúrò ní Dakar. Ni o bá dé ṣọ́ọ̀bù mi ní Àlàbá pẹ̀lú ojú bí ẹni tí òjò pa. O ní, "Bàbá mi, ẹ̀rọ tó lè fa afẹ́fẹ́ gba inú bébà kan kọjá fún odindi ọjọ́ kan ni mo ń wá. Ohunkóhun tó bá wà nínú afẹ́fẹ́ náà á há sára bébà." Mo bi ọ́ pé kí ló lè wà nínú afẹ́fẹ́ àárín agbami ju afẹ́fẹ́ lọ. O ní bakitéríà ni. O ní àwọn kòkòrò tí ojú wa ò lè rí ń fò kọjá lókè òkun láìní ìyẹ́, pé àwọn kan ń bá ìfófòó omi gòkè, àwọn kan sì ń gun eruku ọyẹ́ láti aṣálẹ̀, wọ́n á gùn ún títí dé ilẹ̀ Brazil. Mo ní ta ló ń lé wọn? O rẹ́rìn-ín, ó sì dùn mọ́ mi pé o rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà.

Ọmọ mi, ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo ti ń tún fíríìjì ṣe, kò sẹ́ni tó sọ fún mi rí pé iṣẹ́ mi lè wúlò fún ọ̀mọ̀wé. Kọmpírẹ́sọ̀ tí ń fẹ́ afẹ́fẹ́ jáde níbì kan, ibòmíràn ló ti ń fà á wọlé. Mo kọjá sọ́dọ̀ ọmọ Íbò tó kọjú sí ṣọ́ọ̀bù mi, mo ṣa kọmpírẹ́sọ̀ tòkunbọ̀ kan tí agbára rẹ̀ ṣì pé, mo fi páìpù sí i, mo fi àrọ kékeré, bí èyí tí a fi ń rọ epo, sí ẹnu rẹ̀, mo sì ṣe ibì kan síbẹ̀ tí bébà rẹ máa jókòó sí. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi ṣe é, mo ti ìlẹ̀kùn mọ́ àwọn oníbàárà. N kò ṣe iṣẹ́ tó wù mí tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi.

Ibi tí mo ti ṣẹ̀ rèé. Nínú iṣẹ́ tiwa, o ò lè gbé páìpù fún oníbàárà láìfi ẹnu fẹ́ ẹ. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́, Ọ̀gá Ràímì, kí Ọlọ́run fọ̀run kẹ́ wọn, a máa sọ fún wa pé páìpù tí o kò bá fẹnu fẹ́, ìwọ àti ẹ̀ ò tíì mọra. A ó fi àtàǹpàkò dí ìdí rẹ̀, a ó fi ẹnu bo orí rẹ̀, a ó fẹ́ ẹ títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ á fi wú. Bí afẹ́fẹ́ bá ń jò níbì kan, etí á gbọ́. Lọ́jọ́ tí mo parí ẹ̀rọ rẹ, o ti jáde lọ wá páálí tí a máa fi dì í, mo sì fẹ́ ẹ bí mo ṣe ń fẹ́ gbogbo páìpù. Kò jò rárá.

Ó yẹ kí n dúró níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ọmọ mi ni, ó sì ń lọ síbi tí èmi ò lè dé. Mo gbé ẹnu mi lé inú àrọ yẹn, ibi tí bébà ń jókòó sí gan-an, mo sì gbàdúrà sínú rẹ̀. Mo ní, "Ìwọ ẹ̀rọ yìí, o ò ní í já ọmọ mi kulẹ̀ lójú agbami. Ohun tó ń wá lọ síbẹ̀, wàá bá a mú un. Orí èmi bàbá rẹ̀ á gbè é, orí ìyá rẹ̀ á gbè é, yóò lọ ire, yóò bọ̀ ire." O mọ̀ pé àdúrà mi kì í kúrú, o sì mọ̀ pé bó bá ti wọ̀ mí lára, itọ́ máa ń ta. Nígbà tí o fi padà dé pẹ̀lú páálí, mo ti fi aṣọ nu ẹnu, mo ń di wáyà. N kò sọ nǹkan kan fún ọ, torí mo rò pé kò sí nǹkan tí mo fẹ́ sọ. O lọ, o bọ̀, ara rẹ le, o tún gba Jámánì lọ pẹ̀lú àwọn bébà rẹ, mo sì ti gbàgbé.

Àfi ìgbà tí o pè wá nípàrí oṣù Kẹsàn-án. Ayọ̀ ń dún lóhùn rẹ tó bẹ́ẹ̀ tí ìyá rẹ fi ní kí n gbé ohùn fóònù síta kí gbogbo ilé gbọ́. O ní ní ọjọ́ kẹsàn-án tí ẹ wà lójú òkun, tí ilẹ̀ kankan ò sí nítòsí, bébà tí ẹ fi sẹ́nu ẹ̀rọ ní funfun jáde ní pupa rúsúrúsú bí aṣọ tí ọyẹ́ fẹ́ lù. O ní nínú eruku náà ni ẹ ti rí bakitéríà tó wà láàyè, pé nígbà tí ẹ fún wọn lóúnjẹ, wọ́n tún ń bí sí i. O ní ìyẹn gan-an ni kókó ìwé tí o fẹ́ fi gba oyè ọ̀mọ̀wé. Lẹ́yìn náà ni o wá sọ̀rọ̀ kan bí ẹni ń ṣeré: "Bàbá mi, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ mọ́ ju bí ẹ ṣe rò lọ. Èyí tó máa kún fíríìjì ńlá kan, bakitéríà inú rẹ̀ ò lè tó ti inú ẹ̀kán itọ́ kan ṣoṣo."

Ẹ̀rín gbẹ mọ́ mi lẹ́nu. Ẹ̀kán itọ́ kan ṣoṣo! Èmi tí mo gba odindi àdúrà síbẹ̀. Mo gbé fóònù fún ìyá rẹ, mo ní mo fẹ́ lọ wo jẹnẹrétọ̀, jẹnẹrétọ̀ ò sì ṣe nǹkan kan.

Láti ọjọ́ náà ni ìfòyà ti wọ̀ mí. Mo ń rò ó pé bóyá ohun tí ọmọ mi gbé kọjá òkun, tí àwọn òyìnbó ń fi ẹ̀rọ ńláńlá wò, tí wọ́n ń pè ní ohun ìyanu, ẹnu bàbá rẹ̀ lásán ni. Iṣẹ́ ọdún mẹ́rin. Ọkọ̀ tí kì í gba ibẹ̀ lọ lọ́dọọdún. Èmi tí mo fẹ́ ràn ọ́ lọ́wọ́, ó lè jẹ́ èmi gan-an ni mo ba iṣẹ́ rẹ jẹ́ láìmọ̀. Ẹja inú ọbẹ̀ kò dùn mọ́ mi lẹ́nu mọ́, ìyá rẹ sì ti ń fura, torí kò sí ohun tí í jẹ́ kí n fi orí ẹja sílẹ̀.

Kazeem, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kan tèmi, ni mo kọ́kọ́ sọ fún. Ó gbọ́ tán, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ má da ara yín láàmú jàre. Ta ló máa mọ̀? Ṣé bakitéríà ní ahọ́n tó máa fi sọ ilé ta ni òun ti wá ni?" N kò ní purọ́ fún ọ, ọ̀rọ̀ náà tù mí lára fún bí ọjọ́ méjì. Ṣùgbọ́n o mọ ọjà wa. Bí ẹnì kan bá kun kọmpírẹ́sọ̀ àlòkù, tí ó tà á fún mi bíi tuntun, tí èmi náà gbé e sílé oníbàárà, lọ́jọ́ tó bá kọ iṣẹ́, èmi ni oníbàárà máa dì lọ́rùn mú. Ìwọ lo máa dúró níwájú àwọn olùdánwò, Ọmọ́bọ́lá. Bí ọkọ̀ mìíràn bá lọ lọ́dún márùn-ún sí i, tí wọn ò bá rí ohun tí o ní o rí, ìwọ ni wọ́n máa pè ní òpùrọ́, èmi á sì wà ní Àlàbá tí mo ń fi gáàsì sí fíríìjì.

Ni mo bá tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún ìyá rẹ. Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ rín. Ó ní, "Bàbá Ọmọ́bọ́lá, ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ tiyín wá tún mú un dé agbami òkun." Nígbà tó rí i pé n kò bá a rẹ́rìn-ín, ó jókòó tì mí. Ó ní, "Ọ̀la lẹ máa lọ bá Dókítà. Bí iṣẹ́ ọmọ bá máa bàjẹ́, ẹ jẹ́ kó bàjẹ́ lójú ẹni tó lè tún un ṣe."

Mo wọ bùbá àti ṣòkòtò tí mo fi ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, mo sì gba yunifásítì lọ ní àárọ̀ ọjọ́ kejì. Dókítà Ayọ̀mikún fún mi ní àga, n kò lè jókòó. Mo dúró rojọ́ náà látòkè délẹ̀, pẹ̀lú àdúrà inú rẹ̀. Wọn ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n bi mí pé, "Bàbá, apá ibo lẹ fi ẹnu sí? Ṣé ìdí páìpù ni, àbí ibi tí bébà ń jókòó?" Mo ní ibi tí bébà ń jókòó gan-an ni. Wọ́n yọ awò ojú wọn, wọ́n nù ún, ó pẹ́ kí wọ́n tó gbé e padà sójú. Wọ́n ní, "Ẹ ṣeun tí ẹ wá. Ọ̀mọ̀wé púpọ̀ ni kò ní wá. Ó yá, ẹ la ẹnu."

Igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí òwú wà lórí rẹ̀ ni wọ́n kì bọ̀ mí lẹ́nu. Wọ́n fi gbo ẹ̀rẹ̀kẹ́, wọ́n fi gbo eyín, wọ́n fi gbo ìsàlẹ̀ ahọ́n, ẹ̀wà tí mo jẹ láàárọ̀ sì ń tì mí lójú. Wọ́n ní àwọn máa ka bakitéríà ẹnu mi ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ọlọ́pàá ṣe ń yẹ àmì ìka ọwọ́ wò, àwọn á sì fi wé èyí tí o rí nínú bébà ọjọ́ kẹsàn-án. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ló máa gbà. Wọ́n ní kí n má tíì sọ fún ọ, pé ẹni tó ń múra ìdánwò kò gbọdọ̀ máa jẹun pẹ̀lú ìbẹ̀rù. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń yára fi fóònù sílẹ̀ nígbàkigbà tí o bá pè, tí o fi bi ìyá rẹ lẹ́ẹ̀mejì bóyá ara mi ò yá. Má bínú.

Nínú ọ̀sẹ̀ mẹ́rin yẹn, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo ń fọ ẹnu lójúmọ́, àfi bí ẹni pé ọṣẹ ìfọyín lè ṣiṣẹ́ padà sẹ́yìn. Kazeem ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Bí mo bá gbé páìpù, á ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ má gbàdúrà sí i o, fíríìjì lásán ni."

Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, mo wà ní Okokomáíkò níbi tí mo ti ń tún ilé yìnyín àwọn ẹlẹ́ja kan ṣe, ni Dókítà bá pè mí. Wọ́n ní kí n máa bọ̀. Wọn ò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo fi àwọn irinṣẹ́ mi sílẹ̀ níbẹ̀, mo ní mò ń bọ̀, n kò sì padà síbẹ̀ títí di ọjọ́ kejì. Nígbà tí mo dé, wọ́n tẹ́ ìwé méjì sórí tábìlì níwájú mi, orúkọ jàǹrẹ̀rẹ̀ ló wà lára àwọn méjèèjì. Wọ́n ní, "Bàbá, ti ẹnu yín rèé. Ti òkun rèé. Ẹ wò ó dáadáa, wọn ò mọra rí." Kò sí ẹyọ kan tó bára mu. Erùpẹ̀ etí aṣálẹ̀ ni ilé àwọn ti òkun, eruku ọyẹ́ ni wọ́n gùn dé ibẹ̀ gẹ́gẹ́ bí o ṣe sọ. Òótọ́ ni ohun tí o rí. Iṣẹ́ rẹ kò ní àbùkù kankan.

Mo sunkún, Ọmọ́bọ́lá. Mo yọ fìlà, mo fi nu ojú, n kò tijú Dókítà rárá. Ebi tí kò pa mí láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà bẹ̀rẹ̀ sí í pa mí lójú ẹsẹ̀.

Ṣùgbọ́n oníṣẹ́ ọwọ́ ni mí, n kì í gba ohun tí kò yé mi. Mo ní, "Dókítà, mo fi ẹnu síbẹ̀. Kì í ṣe díẹ̀. Ibo ni wọ́n wá gbà lọ?" Ni wọ́n bá ṣí dúrọ́ọ̀ tábìlì wọn, wọ́n mú ìwé kan jáde tí wọ́n fi ẹ̀rọ dà kọ, wọ́n ní ojú ìwé kan ni láti inú ìwé iṣẹ́ rẹ. Ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ ni, mo mọ̀ ọ́n láti pírámárì. O kọ ọ́ pé: "Ọjọ́ kẹfà, oṣù Kìíní, Àlàbá. Bàbá mi gbàdúrà sínú ẹnu ẹ̀rọ, ó tó ìṣẹ́jú mẹ́rin. Mo dúró lẹ́yìn ìlẹ̀kùn títí wọ́n fi ṣe tán. Mo ṣe àmín. Nígbà tí mo délé, mo fi sípíríìtì wẹ ẹnu ẹ̀rọ náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Mo fi bébà mẹ́ta dán an wò lẹ́yìn náà, gbogbo wọn mọ́. N kò sọ fún wọn."

Dókítà ní àwọn ti rántí ojú ìwé yẹn láti ọjọ́ tí mo ti wá. Mo ní kí ló dé tí wọ́n fi jẹ́ kí n máa fi ìbẹ̀rù jẹun fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin? Wọ́n ní, "Ẹ forí jì mí, sà. Ọ̀rọ̀ ọmọ tó fẹ́ràn bàbá rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀rí, ẹ̀rí là ń wá." Inú bí mi díẹ̀. Nígbà tí wọ́n fún mi ní ìgò mọ́ọ̀tì tútù kan mu, inú tó ń bí mi rọlẹ̀.

Láti Ọjọ́bọ̀ ni mo ti ń ronú nípa rẹ lẹ́yìn ìlẹ̀kùn yẹn. Páálí wà lọ́wọ́ rẹ, ọkọ̀ ń dúró dè ọ́ ní Dakar, o sì ń wo bàbá rẹ tó ń tutọ́ sínú ohun tó kù tí o gbójú lé. O mọ ohun tí itọ́ lè ṣe ju ẹnikẹ́ni lọ ní gbogbo Àlàbá. O lè pariwo mọ́ mi, n kò ní bínú. O dúró títí mo fi parí, o ṣe àmín, o lọ wẹ̀ ẹ́ nílé níbi tí ojú kò ti ní tì mí. Mo rò pé èmi ni mò ń bò ọ́ láṣìírí láti ọjọ́ yìí. Ẹ ṣé o, ọmọ mi. Ẹ̀ẹ̀kan yìí, èmi ni mo fẹ́ fi "ẹ" kí ọ.

Ọlọ́run tó mú ọ la agbami já yóò mú ọ la ìdánwò náà já. Ẹnu àwọn olùdánwò yóò sọ rere nípa rẹ. Wàá padà wálé láyọ̀, wàá bá èmi àti ìyá rẹ lókè eèpẹ̀, ọwọ́ rẹ yóò sì ba oyè tí o ṣiṣẹ́ fún. Àṣẹ.

Èmi ni bàbá rẹ tó ti kọ́ láti máa gbàdúrà lókèèrè,
Akínṣọlá Májẹ́kódùnmí.

Mo tún rántí: Dókítà sọ fún mi pé ojú ìwé yẹn wà lára ohun tí àwọn olùdánwò máa rí, Dókítà sì bi mí bóyá mo fẹ́ kí àwọn bá mi yọ ọ́ kúrò nítorí ìtìjú. Mo ní rárá o. Ìwọ náà, fi í sílẹ̀ fún wọn. Bí wọ́n bá bi ọ́ pé ta ni ọkùnrin yìí, sọ fún wọn pé bàbá rẹ ni, kí wọ́n sì rí i dájú pé wọ́n ka ibi tí o ti ṣe àmín.